Bẹ́ ẹ ṣe lè máa san owó iná, kébù, dátà àti gbogbo bíìlì ilé látorí fóònù láìsí ìjọ̀gbọ̀n

Nígbà tí owó náírà dọ̀wọ́n níbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023, tí àwọn èèyàn ń tò sídìí ATM látàárọ̀ ṣúlẹ̀ tí wọn ò sì rí ₦5,000 gbà, ìgbà yẹn ni ọ̀pọ̀ nínú wa kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi fóònù sanwó, kì í ṣe pé ó wù wá o, ebi ló kọ́ wa. Ìyá aláta kọ nọ́ńbà àkáùntì ẹ̀ sára páálí, ó fi kọ́ iwájú ìsọ̀, oníkẹ̀kẹ́ náà bẹ̀rẹ̀ sí í gba tíránsífà. Owó ti padà wá báyìí, àmọ́ ẹ ṣì máa rí ẹni tó ní áàpù bánkì méjì mẹ́ta lórí fóònù tó jẹ́ pé tí iná bá tán nílé, ẹsẹ̀ ló máa fi rìn lọ bá oníPOS ní ìkóríta, á mú nọ́ńbà mítà dání lórí bébà pélébé, á san owó iná, á tún san ṣáàjì lé e, á wá jókòó sórí bẹ́ǹṣì máa dúró de tókìn. Tẹ́ ẹ bá mọ irú ẹni bẹ́ẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, òun ni mo kọ èyí fún.

Irú áàpù tẹ́ ẹ ń lò kọ́ ló ṣe pàtàkì, gbogbo wọn jọra. Ohun tó ṣe kókó ni orúkọ tó máa ń jáde kẹ́ ẹ tó tẹ PIN. Tẹ́ ẹ bá tẹ nọ́ńbà mítà, orúkọ ẹni tí mítà wà lórúkọ ẹ̀ á jáde, tẹ́ ẹ bá tẹ nọ́ńbà àkáùntì, orúkọ á jáde, ti díkódà náà bẹ́ẹ̀. Ibẹ̀ ni gbogbo èèyàn ti máa ń sáré kọjá, ibẹ̀ náà sì lowó ti ń bọ́ sọ́wọ́ ẹni ẹlẹ́ni. Tó bá jẹ́ nǹkan kan ṣoṣo lẹ máa rántí nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí, kó jẹ́ ìyẹn.

Ìkíní: ẹ kó nọ́ńbà gbogbo bíìlì jọ síbì kan

Ẹ mú bébà àti bírò, àní bébà, ẹ má tíì fọwọ́ kan fóònù.

Ẹ kọ nọ́ńbà mítà síbẹ̀. Ọ̀pọ̀ mítà prepaid ló ní nọ́ńbà 11, ó wà lójú mítà fúnra ẹ̀, ó sì tún wà lórí rìsíìtì tẹ́ ẹ fi ra iná kẹ́yìn. Tó bá jẹ́ postpaid lẹ̀ ń lò, nọ́ńbà àkáùntì tó wà lórí ìwé iná tí wọ́n mú wá lẹ máa kọ, kì í ṣe ti mítà o. Ẹ kọ nọ́ńbà díkódà, èyí tí DStv àti GOtv ń pè ní IUC tàbí smartcard number, 10 ni, ẹ yí díkódà dojú dé kẹ́ ẹ wo abẹ́ ẹ̀. Ti ìdọ̀tí, ẹ̀yin ará Èkó, ẹ wò ó lórí bíìlì LAWMA tí àwọn PSP ń já sẹ́nu géètì. Ẹ tún kọ àkáùntì lánlọ́ọ̀dù, àkáùntì ẹni tó ń gba owó ọlọ́dẹ ládùúgbò, àkáùntì tíṣà tó ń kọ́ ọmọ ní lẹ́sìnnì. Nọ́ńbà 10 ni gbogbo àkáùntì bánkì ní Nàìjíríà, tí ẹnì kan bá fún yín ní 9, ẹ dá a padà fún un. Tó bá fún yín ní 11 tó sì ní OPay tàbí PalmPay ni, nọ́ńbà fóònù ẹ̀ ló fún yín yẹn, ẹ yọ òdo iwájú kúrò, ó parí.

Ẹ kọ ọjọ́ tí ọ̀kọ̀ọ̀kan máa ń tán síwájú ẹ̀. Ẹ wá lẹ bébà yẹn mọ́ ẹ̀yìn ìlẹ̀kùn kíṣínì, kẹ́ ẹ sì ya fọ́tò ẹ̀ sórí fóònù. Ìdí tí mo fi ní kẹ́ ẹ lẹ̀ ẹ́ ni pé ọjọ́ tẹ́ ẹ bá wà nínú gó-sílò lórí Bẹ́ẹ̀jì tí iná tán nílé, ọmọ yín ló máa dúró síwájú bébà náà tó máa ka nọ́ńbà fún yín.

Ìkejì: ẹ ya àkáùntì bíìlì sọ́tọ̀

Ibí ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ fara balẹ̀ sí, torí ibí lọ̀pọ̀ èèyàn ò kà sí. Owó oṣù wọlé sínú àkáùntì kan, inú ẹ̀ lẹ ti ń ra ẹran, inú ẹ̀ lẹ ti ń fún àbúrò lówó, inú ẹ̀ náà lẹ ti ń ra iná, kó tó di ọjọ́ 20 oṣù kò sí nǹkan níbẹ̀ mọ́, kébù gé, ìdọ̀tí ń rùn, ìyàwó ní ọkọ ló ná an, ọkọ ní ìyàwó ni, ó di wàhálà. Áàpù ò lè bá yín yanjú ìyẹn, ńṣe ló tiẹ̀ máa jẹ́ kówó tètè tán, torí owó tí a ò fojú rí tó ń jáde lápò kì í dunni.

Ẹ ṣí àkáùntì kejì tó jẹ́ ti bíìlì nìkan. Ó lè jẹ́ ní bánkì ńlá, ó lè jẹ́ Kuda, OPay, PalmPay tàbí Moniepoint, orí fóònù lẹ máa ti ṣí i, BVN tàbí NIN ni wọ́n máa bi yín, nígbà míì méjèèjì, wọ́n á sì ní kẹ́ ẹ wo kámẹ́rà. BVN tẹ́ ẹ ti gbà ní bánkì yín àtijọ́ náà ni o, ọ̀kan ṣoṣo lèèyàn ń ní, ẹ má jẹ́ kí ẹnì kankan gba owó lọ́wọ́ yín pé òun fẹ́ bá yín ṣe tuntun.

Ẹ wá ṣírò. Ẹ wo oṣù mẹ́ta tó kọjá, iye tẹ́ ẹ ná sórí iná, kébù, dátà, ìdọ̀tí, gáàsì àti owó ọlọ́dẹ, ẹ ro gbogbo ẹ̀ pọ̀, kẹ́ ẹ pín in sọ́nà mẹ́ta. Ká ní ó já sí ₦62,000 lóṣù. Ọjọ́ tówó bá wọlé, kẹ́ ẹ tó ra nǹkankan, àní kẹ́ ẹ tó dáhùn ẹni tó ń pè pé òun ti gbọ́ pé wọ́n ti sanwó, ẹ ju ₦65,000 sínú àkáùntì bíìlì. Ẹni tó bá ti dá àjọ rí mọ ohun tí mò ń sọ, owó tó bá ti dọ́wọ́ aláàjọ, ojú ti kúrò lára ẹ̀. Ẹ̀yin ọlọ́jà tówó yín kì í wọlé lẹ́ẹ̀kan náà, alaalẹ́ tẹ́ ẹ bá ka owó ọjà tán ni kẹ́ ẹ máa sọ ₦2,500 síbẹ̀, tó bá fi máa di ìparí oṣù ó ti pé.

Àǹfààní míì tún wà nídìí ẹ̀. Àkáùntì yìí nìkan ni kẹ́ ẹ jẹ́ kí káàdì ẹ̀ wà lórí àwọn nǹkan tó ń gé owó fúnra wọn, bíi Netflix àtàwọn dátà auto-renew, kẹ́ ẹ má ki káàdì àkáùntì owó oṣù bọ ibì kankan. Tí ọlọ́ṣà orí íńtánẹ́ẹ̀tì bá rí ọ̀nà wọlé, owó iná ló máa bá níbẹ̀.

Ìkẹta: iná, bàbá ìsàlẹ̀ gbogbo bíìlì

Ẹ ṣí áàpù, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ Bills tàbí Pay Bills sí, ẹ tẹ Electricity. Orúkọ àwọn ilé-iṣẹ́ iná á tò sílẹ̀, kẹ́ ẹ mú tiyín. Àwọn ará Ìbàdàn, Abẹ́òkúta, Òṣogbo àti Ìlọrin, IBEDC ni tiyín. Èkó pín sí méjì: Ìkẹjà, Agége, Ìkòròdú àti àyíká wọn wà lábẹ́ Ikeja Electric, Lẹ́kì, Sùúrùlérè, Àpápá àti Festac wà lábẹ́ Eko Electricity. Àkúrẹ́, Oǹdó àti Adó-Èkìtì, BEDC ni. Ẹ mú Prepaid tó bá jẹ́ tókìn lẹ̀ ń rà, Postpaid tó bá jẹ́ ìwé ni wọ́n ń mú wá lóṣooṣù.

Ẹ tẹ nọ́ńbà mítà. Ẹ dúró. Ẹ wo orúkọ àti àdírẹ́sì tó jáde. Tẹ́ ẹ bá jẹ́ ayálégbé, orúkọ yín kọ́ ló máa jáde o, orúkọ lánlọ́ọ̀dù ni, nígbà míì gan-an orúkọ bàbá tó bí lánlọ́ọ̀dù ni, olóògbé, torí kò sẹ́ni tó lọ yí i padà. Nítorí náà ọjọ́ tẹ́ ẹ bá kó wọlé ni kẹ́ ẹ béèrè orúkọ tó wà lórí mítà, kẹ́ ẹ kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ nọ́ńbà. Tí orúkọ tẹ́ ẹ ò mọ̀ rí bá jáde, ẹ ti ṣi nọ́ńbà kan tẹ̀ nìyẹn, ẹ padà sẹ́yìn. Tókìn tí wọ́n bá ṣe fún mítà kan ò ní wọ mítà míì láéláé, ẹlòmíì lẹ máa bá ra iná yẹn, ẹlòmíì ọ̀hún ò sì tiẹ̀ ní mọ̀.

Tórúkọ bá bára mu, ẹ tẹ iye, ẹ tẹ PIN, tókìn nọ́ńbà 20 á jáde. Kẹ́ ẹ tó kúrò lójú ibẹ̀, ẹ tẹ Share, kẹ́ ẹ fi rìsíìtì yẹn ránṣẹ́ sí ara yín lórí WhatsApp. SMS lè pẹ́ kó tó dé, ìgbà míì kì í dé rárá.

Tó bá jẹ́ pé ẹ ò sí nílé, tẹ́ ẹ ń ka tókìn fún ẹni tó dúró sídìí mítà, bẹ́ ẹ ṣe máa ṣe é nìyí: nọ́ńbà 20 yẹn, ẹ pín in sí mẹ́rin-mẹ́rin lọ́nà márùn-ún. Ẹ ka mẹ́rin àkọ́kọ́, ẹ jẹ́ kó tẹ̀ ẹ́, kó ka ohun tó wà lójú mítà padà fún yín, kẹ́ ẹ tó ka mẹ́rin tó tẹ̀ lé e. Ó máa dà bíi pé ó ń falẹ̀, àmọ́ ó yá ju kẹ́ ẹ ka gbogbo ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan kí Màámi wá sọ pé "kò gbà á, tún un kà." Tó bá ti pé, kí wọ́n tẹ bọ́tìnnì Enter, èyí tó máa ń ní àmì ọfà. Tí mítà bá kọ Used, ẹnì kan ti ki tókìn yẹn tẹ́lẹ̀, ẹ béèrè lọ́wọ́ ọmọ ilé. Tó bá kọ Reject, ẹ yẹ nọ́ńbà wò lẹ́ẹ̀kan sí i kẹ́ ẹ tó bínú sí ẹnikẹ́ni.

Ohun míì tó máa ń dẹ́rù bani: mítà tó wà lórí òpó níta, kinní kékeré tẹ́ ẹ fi ń tẹ nọ́ńbà tó wà nínú ilé ni wọ́n ń pè ní CIU. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ń lo bátìrì. Tí iná bá tán pátápátá tí bátìrì sì ti kú, ojú ẹ̀ ò ní tàn, ẹ máa rò pé ó ti bàjẹ́. Kò bàjẹ́, ẹ lọ ra bátìrì.

Àwọn èèyàn tún máa ń jà pé àwọn ra iná ₦10,000, àwọn ò rí iná ₦10,000. VAT, ìyẹn owó orí ọjà, 7.5% wà nínú ẹ̀. Nínú ₦10,000 yẹn, ₦697.67 ti lọ fún VAT, ₦9,302.33 ló kù tó ra iná. Tó bá jẹ́ pé ₦209.50 ni wọ́n ń ta yúníìtì kan fún yín ní Band A, yúníìtì 44.4 lẹ máa rí. (Band A yẹn, ìlérí iná wákàtí 20 lójúmọ́ ló bá a wá o, kí kálukú wo aago ilé ẹ̀.) Tí yúníìtì tẹ́ ẹ rí bá kéré sí ìṣirò yẹn gan-an, ẹ ka rìsíìtì dé ìsàlẹ̀, gbèsè àtẹ̀yìnwá lè wà lórí mítà tí wọ́n ń gé díẹ̀díẹ̀ ní gbogbo ìgbà tẹ́ ẹ bá rà. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó wọlé ni kó fojú sí èyí jù, kó má lọ máa san gbèsè ayálégbé tó ti kó lọ. Ẹ mú rìsíìtì yẹn lọ bá lánlọ́ọ̀dù.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ nílé ní abúlé tó jẹ́ pé Kérésìmesì àti Iléyá nìkan lẹ máa ń lọ, tẹ́ ẹ ò ra iná síbẹ̀ láti bí ọdún mélòó kan, ẹ gbọ́ tiyín. Láti November 24, 2024, mítà tí wọn ò tíì tún ètò inú ẹ̀ ṣe kì í gba tókìn tuntun mọ́. Nígbà tẹ́ ẹ bá rà á, tókìn mẹ́ta ló yẹ kẹ́ ẹ rí dípò ẹyọ kan. Méjì àkọ́kọ́ ni wọ́n ń pè ní KCT, ẹ tẹ ìkíní, ẹ tẹ ìkejì, kẹ́ ẹ tó wá tẹ tókìn iná gangan ṣìkẹta. Tẹ́ ẹ bá kọ́kọ́ tẹ ti iná, kò ní gbà á. Ẹyọ kan ṣoṣo tó bá sì jáde tí mítà kọ̀ ọ́, ẹ pe ilé-iṣẹ́ iná yín kí wọ́n fún yín ní KCT, ọ̀fẹ́ ni.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní London àti Houston náà ńkọ́? Kò dìgbà tẹ́ ẹ bá fowó ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n kó tó di pé wọ́n ra iná fún Bàámi. Tẹ́ ẹ bá ti ní àkáùntì náírà, ẹ ra tókìn fúnra yín kẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ tààrà. Ẹni tí kò sì ní BVN rí, láti May 2025 ni CBN, ìyẹn báńkì àpapọ̀ Nàìjíríà, àti NIBSS tó ń bójú tó BVN ti gbé NRBVN jáde, èyí téèyàn lè fi gba BVN láti ibi tó wà lókè òkun láìwọ bàálù wálé. Ẹ ó rí i pé ìjà á dín kù nínú ẹbí, torí kò sí bí wọ́n ṣe lè fi tókìn ra aṣọ ẹbí.

Ìkẹrin: kébù àti dátà

Èyí ò le. TV ni kẹ́ ẹ tẹ̀ nínú Bills, ẹ mú DStv, GOtv tàbí StarTimes, ẹ tẹ nọ́ńbà, ẹ ka orúkọ, ẹ mú package. Ẹ fojú sí package o, torí áàpù míì máa ń gbé èyí tó wọ́n jù síwájú yín. Ẹ tan díkódà sílẹ̀ kẹ́ ẹ tó sanwó. Tí DStv tàbí GOtv bá ṣì ń kọ E16 lẹ́yìn tẹ́ ẹ san, ẹ tẹ *288# kẹ́ ẹ tẹ̀ lé ohun tó bá sọ, kò sí ìdí láti pe oníṣẹ́ kébù wá kó gba owó lọ́wọ́ yín.

Dátà, ẹ kàn rí i pé ẹ pa auto-renew lórí fóònù àwọn ọmọ.

Ìkarùn-ún: owó tẹ́ ẹ ń san fún èèyàn

Lánlọ́ọ̀dù, ọlọ́dẹ, tíṣà, alágbàfọ̀, àwọn yìí ò sí nínú Bills, tíránsífà lẹ máa ṣe fún wọn. Ẹ sééfù wọn sí Beneficiary, àmọ́ ẹ fún wọn lórúkọ tẹ́ ẹ máa dá mọ̀. Tí orúkọ méjì bá jọra níbẹ̀, ọjọ́ kan lẹ máa fi owó ilé ránṣẹ́ sí Ṣèyí tó ń ta bàtà. Ẹ máa kọ nǹkan sínú Narration nígbà gbogbo, "owó ọlọ́dẹ June", "owó ilé 2026", torí tí lánlọ́ọ̀dù bá ní òun ò rántí pé ẹ ti san, ohun tẹ́ ẹ kọ síbẹ̀ ló máa bá yín sọ̀rọ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gbé fésì-mi-n-fésì-ẹ, tí gbogbo yàrá ń lo mítà kan, mo mọ ohun tójú yín ń rí. Ẹnì kan ní òun ò ní fíríìjì, ẹnì kan ní òun ò sí nílé lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹnì kan kàn ń sá lọ síbi iṣẹ́ kílẹ̀ tó mọ́. Ẹ yan ẹnì kan tí gbogbo ilé fọkàn tán, kó ṣí àkáùntì tí kò sí nǹkan míì nínú ẹ̀ ju owó iná ilé lọ, kẹ́ ẹ sì dá grúùpù WhatsApp ilé sílẹ̀. Kí yàrá kọ̀ọ̀kan máa kọ nọ́ńbà yàrá sínú Narration, "yàrá 4 iná", kì í ṣe "from me". Tí owó bá pé, kó ra tókìn, kó ju rìsíìtì àti àwòrán ojú mítà sínú grúùpù lójú ẹsẹ̀, kí gbogbo ayé rí yúníìtì tó wọlé. Ẹni tí kò san, orúkọ yàrá ẹ̀ ò ní sí lára owó tó wọlé, kò sẹ́ni tó máa pariwo, àwọn aládùúgbò ti ka grúùpù. Ẹ jọ fẹnu kò ṣáájú lórí ẹni tó ní fíríìjì àti ẹni tó ń lọ̀ ata, kó tó di ọ̀rọ̀.

Ìkẹfà: ṣáàjì

Ìlànà CBN ti 2020 ni pé tíránsífà tí kò ju ₦5,000 lọ, ₦10 ni ṣáàjì ẹ̀, láti ibẹ̀ dé ₦50,000 ó jẹ́ ₦25, tó bá ju ìyẹn lọ ó di ₦50, VAT wà lórí ṣáàjì náà. Ìjọba tún ń gba ₦50 tiwọn lórí tíránsífà tó bá ti tó ₦10,000 lọ sókè. Àwọn áàpù míì máa ń fún yín ní tíránsífà ọ̀fẹ́ mélòó kan lóṣù, ẹ lò ó fún àwọn owó kéékèèké. Ẹ wo iye tó máa jáde lápò yín lójú ibi ìgbẹ̀yìn kẹ́ ẹ tó tẹ PIN, ibẹ̀ ni ṣáàjì wà, lábẹ́ orúkọ ẹni tẹ́ ẹ ń fún.

Tí dátà ò bá sí ńkọ́

Fóònù kékeré tó ní tọ́ọ̀ṣì náà lè ra iná. Ẹ tẹ kóòdù bánkì yín láti síìmù tẹ́ ẹ fi ṣí àkáùntì: GTBank *737#, Access *901#, First Bank *894#, Zenith *966#, UBA *919#. Kò gba dátà, àmọ́ láti June 2025 ni wọ́n ti ń gé ₦6.98 lára kírẹ́dìtì fóònù yín fún ìgbà kọ̀ọ̀kan tẹ́ ẹ bá wọlé, tẹ́lẹ̀ inú àkáùntì ni wọ́n ti ń yọ ọ́. Nítorí náà tí kírẹ́dìtì ò bá sí lórí síìmù, kóòdù lè má jẹ́, kì í ṣe ẹ̀bi nẹ́tíwọ́ọ̀kì.

Ìkeje: ààbò, ẹ má fojú di í

PIN áàpù kò gbọ́dọ̀ jọ PIN káàdì, ọdún ìbí yín kò sì gbọ́dọ̀ wà nínú ìkankan. Ẹ fi PIN sára síìmù fúnra ẹ̀, kì í ṣe sójú fóònù nìkan, torí olè tó bá jí fóònù yín, síìmù ló máa yọ sínú fóònù tiẹ̀, á wá máa fi gba OTP, ìyẹn nọ́ńbà àṣírí tí bánkì máa ń fi ránṣẹ́ sórí fóònù yín. Bánkì ò ní pè yín béèrè OTP, kò sí bí wọ́n ṣe lè gbọ́ Yorùbá tó, kò sí bí wọ́n ṣe lè pe BVN yín lẹ́sẹẹsẹ tó. Ẹ gé e.

Tó bá jẹ́ àwọn àgbà ilé lẹ̀ ń ṣètò ẹ̀ fún, ẹ má ki gbogbo owó wọn sórí áàpù. Ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ ni pé ọmọ-ọmọ ló ń bá Ìyá àgbà tẹ̀ ẹ́, ó ti mọ PIN, ọ̀rẹ́ ẹ̀ náà ti mọ̀ ọ́n. Ẹ lọ sí Settings, ẹ dín iye tó lè jáde lóòjọ́ kù sí ohun tó tó owó iná àti owó oògùn.

Fóònù bá sọnù, kẹ́ ẹ tó sunkún, ẹ yá fóònù ẹlòmíì kẹ́ ẹ fi bulọ́ọ̀kù àkáùntì. Bánkì kọ̀ọ̀kan ló ní kóòdù ẹ̀, ọ̀pọ̀ wọn ló ní 911 nínú. Ẹ wá tiyín lónìí, kẹ́ ẹ há a sórí. Ẹ̀yìn ìyẹn lẹ máa pe ilé-iṣẹ́ síìmù kí wọ́n tì í.

Àlẹ́ẹ̀tì pẹ̀lú: tí ẹnì kan bá ní òun ti dá owó ìdọ̀tí tiẹ̀ padà fún yín, SMS kì í ṣe owó. Ẹ ṣí áàpù, ẹ wo bálánsì.

Wọ́n gé owó, tókìn ò jáde

Ìgbẹ̀yìn rèé, ó sì lè ṣẹlẹ̀ sí ẹnikẹ́ni, pàápàá lópin oṣù tí gbogbo ayé ń rà lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ má rà á lẹ́ẹ̀kejì lójú ẹsẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ lọ sí Transaction History, ẹ tẹ orí owó yẹn. Tó bá kọ Pending, ẹ fún un láyè díẹ̀. Tó bá kọ Successful, tókìn sábà máa ń wà nísàlẹ̀ rìsíìtì níbẹ̀, ẹ kàn fà á sókè. Tó bá kọ Failed tí owó sì ti lọ, ó yẹ kówó padà wọlé fúnra ẹ̀, lọ́pọ̀ ìgbà láàárín wákàtí 24.

Ká ní gbogbo ìyẹn ò ṣẹlẹ̀. Ẹ ya àwòrán ojú fóònù, kí Transaction Reference tàbí Session ID hàn nínú ẹ̀, Session ID tíránsífà máa ń gùn, nọ́ńbà 30 ni, ẹ má tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́, ẹ kọ́pì í. Inú áàpù fúnra ẹ̀ ni kẹ́ ẹ ti fẹjọ́ sùn, níbi Help, tàbí kẹ́ ẹ pe nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn káàdì. Ẹ má lọ wá customer care lórí Facebook, àwọn gbájú-ẹ̀ ló kún ibẹ̀, wọ́n á ní kẹ́ ẹ fi nọ́ńbà káàdì ránṣẹ́ "kí àwọn lè dá owó padà". Ẹni tó bá gba ẹjọ́ yín, ẹ gba nọ́ńbà ticket lọ́wọ́ ẹ̀ kẹ́ ẹ tó gé fóònù, kẹ́ ẹ kọ ọjọ́ síbẹ̀.

Tí ọ̀sẹ̀ méjì bá kọjá tí wọn ò dá yín lóhùn, ẹ gbé e lọ sí CBN, ẹ wo email wọn fún ẹjọ́ lórí ìkànnì wọn, cbn.gov.ng. Ẹ kọ orúkọ bánkì, nọ́ńbà àkáùntì, iye owó, ọjọ́ tó jáde, reference, àti nọ́ńbà ticket tí bánkì fún yín, kẹ́ ẹ so àwòrán mọ́ ọn. Tí nọ́ńbà ticket ò bá sí níbẹ̀, wọ́n lè ní kẹ́ ẹ padà lọ bá bánkì ná.